Fífi processor àti heat sink sínú server: ohun tí wọ́n máa ń bi wá ní Ògbómọ̀ṣọ́

Server tòkunbọ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń sin àwọn kọ̀ǹpútà míì, ti pọ̀ nílùú yìí báyìí. Ilé ìwé aládàáni ń rà á, ilé ìwòsàn ń rà á, àwọn ọmọ LAUTECH ní àdúgbò Under G náà ń dáwó jọ rà á fún iṣẹ́ àṣekágbá. Bí wọ́n bá ti lò ó díẹ̀, wọ́n á fẹ́ fún un lágbára sí i nípa pípààrọ̀ processor, ọpọlọ rẹ̀, àti heat sink, irin tó ń gbé ooru kúrò lára processor, ìbéèrè á sì bẹ̀rẹ̀. A kó àwọn tó wọ́pọ̀ jù jọ síbí. Dell àti HPE la máa ń rí jù, nítorí náà àpẹẹrẹ wa dá lé wọn.

Mo fẹ́ processor tó lágbára ju èyí tó wà nínú server mi lọ. Èwo ló máa bá a mu?

Ibí yìí lowó ti máa ń ṣòfò jù, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀. Socket lẹ máa kọ́kọ́ wò, ìyẹn ibi tí processor ń jókòó sí lórí motherboard, bọ́ọ̀dù ńlá inú ẹ̀rọ. Processor Intel Xeon E5-2600 ti ọdún 2012 àti v2 ti 2013 ń lo LGA 2011. V3 tó jáde ní 2014 àti v4 ti 2016 ń lo LGA 2011-3. Orúkọ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, àmọ́ ọ̀kan ò lè ṣiṣẹ́ nínú ilé èkejì. Ẹni tó bá ní Dell R730 tàbí HPE DL380 Gen9, v3 àti v4 ni tiẹ̀. R740 àti DL380 Gen10 ń gba Xeon Scalable ti 2017 àti ti 2019, lórí socket LGA 3647. Xeon Scalable ti 2021 tí wọ́n ṣe fún LGA 4189 ò lè wọ inú wọn láéláé, bí ó ti wù kí ẹni tó ń tà á búra tó.

Lẹ́yìn náà, BIOS, ètò orí motherboard tó ń jí ẹ̀rọ. Server tó ti ń lo v3 bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ lè má dá v4 mọ̀ rárá títí ẹ ó fi sọ BIOS rẹ̀ dọ̀tun, processor àtijọ́ lẹ sì máa fi ṣe é. Àwọn kan á ti yọ ti àtijọ́ tà kí wọ́n tó gbọ́ èyí. Ẹ̀rọ ò ní tàn, kò sì ní sọ ìdí tí kò fi tàn.

Wáàtì ló kù. E5-2620 v4 jẹ́ wáàtì 85, E5-2680 v4 jẹ́ 120, E5-2699 v4 jẹ́ 145. Heat sink pẹlẹbẹ tó ń gbé ooru ti àkọ́kọ́ lè má ká ooru ti ìkẹta. Ìwé tí ilé iṣẹ́ tó ṣe server kọ máa ń sọ heat sink tó yẹ fún wáàtì kọ̀ọ̀kan àti bí power supply ṣe gbọ́dọ̀ lágbára tó. Ẹ ka ìwé náà kí ẹ tó sanwó, ọ̀fẹ́ ló wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Processor tòkunbọ̀ ni mo máa rà ní Computer Village ní Ìkẹjà. Kí ni kí n máa wò lára rẹ̀?

Ẹ ka gbogbo ohun tó wà lórí ìdérí irin rẹ̀. Bí ẹ bá rí "Intel Confidential" níbẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe fún ìdánwò kí ọjà tó jáde ni. Ó máa ń dín lówó, ṣùgbọ́n BIOS lè kọ̀ ọ́, ẹ ò sì ní rẹ́ni bá yín dá sí i.

E5-1600 àti E5-2600 jọ ń wọ socket kan náà. Ṣùgbọ́n E5-1600 kì í bá èkejì ṣiṣẹ́, òun nìkan ló ń dá wà. Bákan náà ni EPYC, processor ti ilé iṣẹ́ AMD, tó bá ní lẹ́tà P lẹ́yìn nọ́ńbà rẹ̀, bíi 7402P: server olósocket kan ni wọ́n ṣe é fún. Nǹkan míì tún wà nípa EPYC tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Àwọn kan nínú rẹ̀ tó ti ṣiṣẹ́ nínú server Dell tàbí Lenovo ti di títì mọ́ bọ́ọ̀dù ilé iṣẹ́ náà. Bí ẹ bá gbé e lọ sórí bọ́ọ̀dù ẹlòmíì, kò ní tàn, kì í sì í ṣe pé ó bàjẹ́. Ẹ bi ẹni tó ń tà á pé inú server wo ló ti yọ ọ́.

Ẹ wá yí i padà, ẹ wo ìdí rẹ̀. Kí àwọn ojú góòlù wẹ́wẹ́ náà mọ́, kí ohunkóhun má yọ kúrò láàárín wọn.

Server mi ní socket méjì. Ṣé dandan ni kí processor méjèèjì jẹ́ irú kan náà?

Dandan ni. Kí nọ́ńbà wọn bára mu délẹ̀délẹ̀. 2680 v4 pẹ̀lú 2690 v4 kì í ṣe ìbejì.

Ẹyọ kan ni apá mi ká báyìí. Ṣé mo lè fi èkejì sílẹ̀ di ìgbà míì?

Ẹ lè fi í sílẹ̀. Socket tí wọ́n kọ CPU 1 sí lẹ máa fi í sí (CPU ni orúkọ míì fún processor). Ohun tó máa ń ya àwọn oníbàárà wa lẹ́nu ni pé RAM (ìrántí ẹ̀rọ) tí wọ́n bá kì sí ẹ̀gbẹ́ CPU 2 ò ní hàn rárá. Ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní RAM tiẹ̀, processor rẹ̀ ló ń darí rẹ̀. Díẹ̀ lára àwọn ihò káàdì tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ náà lè má ṣiṣẹ́ fún ìdí kan náà.

Ẹ má ṣe ṣí socket tó ṣófo náà sílẹ̀. Kí ìdérí oníke rẹ̀ wà lórí rẹ̀, bí ilé iṣẹ́ bá sì fi ohun tó ń dí àlàfo sí àyè heat sink kejì, ẹ dá a padà síbẹ̀, òun ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba ibi tí kò yẹ lọ. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ra èkejì, ẹ bèèrè heat sink tiẹ̀ àti fáànù pẹ̀lú rẹ̀, nítorí àwọn server kan kì í gba processor kejì láìjẹ́ pé fáànù wọn pé.

Irinṣẹ́ wo ni mo nílò?

Sikurudiráfà Torx olórí ìràwọ̀: T30 fún heat sink LGA 3647, T20 fún férémù SP3, ìyẹn socket EPYC. Àwọn heat sink tó ṣáájú wọn, sikurudiráfà olórí àgbélébùú ló ń tú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Thermal paste tó dára, páàsítì tó ń gbé ooru láti ara processor lọ sára heat sink. Isopropyl (ọtí ìnudọ̀tí) tó ju ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, àti aṣọ tí kì í bọ́ òwú. Okùn ọwọ́ tó ń gbé mànàmáná ara lọ. Iná tọ́ọ̀ṣì. Tábìlì tó dúró dáadáa, kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì.

Ọ̀gá mi ní a kì í ṣí server nígbà ọyẹ́. Ṣé òótọ́ ni?

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá yín ní ìdí. Láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kejì, afẹ́fẹ́ ìlú wa máa ń gbẹ táútáú. Ẹ bọ́ síwẹ́tà lálẹ́, ẹ ó gbọ́ ọ tí yóò máa ta pàrà-pàrà, nígbà míì ẹ ó tilẹ̀ rí iná rẹ̀ nínú òkùnkùn. Kí èèyàn tó lè gbọ́ irú mànàmáná yẹn lára, yóò ti tó nǹkan bíi volt 3,000. Èyí tó kéré sí i gan-an ti tó láti ba processor tàbí RAM jẹ́, ẹ ò sì ní mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú fúnra rẹ̀ láìnídìí.

Àmọ́ iṣẹ́ ò lè dúró de òjò àkọ́rọ̀. Ẹ yọ wáyà iná méjèèjì tó wà lẹ́yìn server. Ẹ so okùn ọwọ́ mọ́ irin ara rẹ̀ níbi tí kò sí ọ̀dà. Ẹ bọ́ síwẹ́tà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kúrò lórí kápẹ́ẹ̀tì, ẹ má sì gbé processor lé orí nylon. Nylon dúdú tí àwọn ọlọ́jà ń kó nǹkan sí gan-an ló burú jù, inú rẹ̀ sì ni àwọn kan ń di processor sí fún oníbàárà! Ike tí wọ́n ṣe fún un ni kó wà.

Eruku ọyẹ́ ni wàhálà kejì. Ẹ ti fèrèsé, ẹ sì pa fáànù òkè. Ooru á mú yín díẹ̀, nítorí náà ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì sí tòsí, kí òógùn má kán sínú socket.

Heat sink àtijọ́ lẹ̀ mọ́ processor gírígírí. Ṣé kí n fipá fà á?

Rárá o. Páàsítì tó ti gbẹ ló dì í mú. Ẹ dá ìdè rẹ̀ (àwọn skúrù tó dì í mú) padà, ẹ tan ẹ̀rọ náà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ sì pa á kí ẹ yọ wáyà. Ẹ tú ìdè ní ìdàkejì bí nọ́ńbà tó wà lára heat sink ṣe tò wọ́n, kí ẹ wá máa yí i díẹ̀díẹ̀ sósì sọ́tùn-ún títí yóò fi jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé e sókè.

Gbogbo èèyàn ní kí n ṣọ́ra fún abẹ́rẹ́ inú socket. Kí ló le tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀?

Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, ibẹ̀ nìkan ni ìṣẹ́jú àáyá kan ti lè ba nǹkan jẹ́ tí owó ńlá ò ní tètè tún un ṣe. Lórí àwọn server tí à ń sọ yìí, processor ò ní ẹsẹ̀. Inú socket ni àwọn abẹ́rẹ́ wà, 2011 lórí LGA 2011, 3647 lórí LGA 3647. Wọ́n tẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì ń fì, kí wọ́n lè ti ara wọn mọ́ ìdí processor. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá wọ́, ìlà RAM kan lè sọnù, káàdì kan lè má hàn mọ́, tàbí kí gbogbo ẹ̀rọ má tàn. Motherboard lẹ ó sì máa wá, kì í ṣe processor.

Ẹ má ṣe ṣí ìdérí socket àfi ìgbà tí processor bá ti wà lọ́wọ́ yín. Ẹ yọ òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́, ẹ ká apá aṣọ sókè. Etí processor ni kí ẹ mú, kí ìka má kan ìdí rẹ̀. Igun kan wà lára rẹ̀ tó ní àmì onígun mẹ́ta, irú àmì yẹn wà lára socket náà, kí wọ́n kọjú síra. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tààrà. Ẹ má ṣe fà á lórí abẹ́rẹ́ láti wá àyè rẹ̀, ẹ má ṣe jù ú sílẹ̀ láti òkè, ẹ má ṣe fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ìwúwo ara rẹ̀ ti tó. Bí igun kan bá yọ sókè, ẹ gbé e kúrò tààrà, kí ẹ tún wo ibi tí àmì náà kọjú sí.

Lórí LGA 2011-3, apá irin méjì ló ń ti férémù mọ́lẹ̀. A ti kọ èyí tó ń ṣáájú sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Wọ́n máa ń le díẹ̀, wọ́n sì máa ń dún kẹ̀ẹ̀kẹ̀, àyà ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́ á sì já. Bí processor bá ti jókòó dáadáa, ìró yẹn ò ní nǹkan kan nínú.

Abẹ́rẹ́ kan ti wọ́. Ṣé ó ti tán nìyẹn?

Ó lè má tán. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì tàn án láti ẹ̀gbẹ́: gbogbo ìlà ló yẹ kó dán bákan náà, èyí tó bá wọ́ á yàtọ̀. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún fóònù ṣe tí wọ́n ní míkírósíkópù, ojú wọn mọ́ra pẹ̀lú nǹkan kékeré ju ti wa lọ. Bí ó bá ti kán, ọ̀rọ̀ motherboard ló kù. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹ wo inú socket lójú ọlọ́jà kí ẹ tó sanwó fún server tí kò ní processor nínú.

Server mi ò ní apá irin. Báwo ni tiẹ̀ ṣe jẹ́?

LGA 3647 ni. Ara heat sink ni a kọ́kọ́ máa ń so processor mọ́, lórí ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń gbá a mú, kí a tó yí méjèèjì dojú bolẹ̀ tí a ó sì sọ̀ wọ́n kalẹ̀ pọ̀. Irin atọ́nà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ socket á wọ ihò tirẹ̀ bí ẹ bá kọjú rẹ̀ sí ibi tó tọ́. Bí kò bá wọ̀, ẹ yí i, ẹ má tì í.

EPYC SP3 tún yàtọ̀. Processor wà nínú férémù oníke tí a kì í yọ kúrò lára rẹ̀, ẹ ó tì í wọ inú irin tó ń gbé e títí yóò fi dún kọ́. Ìdè mẹ́ta ló dì í: 1, 2, 3 nígbà tí ẹ bá ń dè é, 3, 2, 1 nígbà tí ẹ bá ń tú u. Ẹni tó bá fo nọ́ńbà á kàn rí i pé RAM kan ò hàn, á wá máa bá RAM jà.

Thermal paste: báwo ló ṣe yẹ kó pọ̀ tó? Ṣé òótọ́ ni pé èèyàn lè fi ọṣẹ ìfọyín rọ́pò rẹ̀?

Ọṣẹ ìfọyín kọ́. Omi tó wà nínú rẹ̀ á gbẹ láàárín àkókò díẹ̀, ohun tó bá kù á dí ooru mọ́lẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó ná owó tó tó bẹ́ẹ̀ lórí processor, ẹ ra páàsítì.

Bí heat sink bá jẹ́ tuntun, ẹ wo ìdí rẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ilé iṣẹ́ máa ń fi páàsítì sára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ má fi ìka kàn án, ẹ má sì fi òmíràn kún un. Bí ó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti lò, ẹ fi isopropyl nù ún kúrò lára heat sink àti lórí processor títí ojú irin á fi mọ́. Spírítì tí kẹ́míìsì ń tà fún ojú egbò máa ń ní omi nínú, èyí tó ju ìdá 90 lọ sàn jù.

Fún LGA 2011-3, ẹ kán èyí tó tó ẹ̀wà kan sáàárín. Ojú LGA 3647 àti EPYC fẹ̀ jù fún ìyẹn, ẹ kán sí àárín àti sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ní kékeré-kékeré. Ẹ má fi ìka tẹ́ ẹ. Heat sink á tẹ́ ẹ fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń de ìdè. Bí ẹ bá gbé heat sink kúrò lẹ́yìn tó ti fọwọ́ kàn án, ẹ nu gbogbo rẹ̀ kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀, torí afẹ́fẹ́ á ti há sáàárín.

Ṣé mo lè fi dírílì de ìdè heat sink kó lè yá?

Ẹ fi dírílì sílẹ̀ fún káfíńtà. Ọwọ́ la fi ń dè é. Nọ́ńbà wà lórí heat sink, ẹ tẹ̀ lé e. Bí kò bá sí, ẹ dè é ní ìdákọjá: igun kan, lẹ́yìn náà igun tó kọjú sí i, ní díẹ̀díẹ̀, kí ẹ tún yí i ká lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó bá dè apá kan tán kó tó lọ sí èkejì ti gbé apá kejì sókè, ibẹ̀ ni processor á ti máa gbóná. Fún LGA 3647, 12 inch-pound ni wọ́n ní kó le tó, bíi newton-mita 1.4. Ìdè náà á dúró fúnra rẹ̀. Ibi tó bá dúró sí, ẹ dúró síbẹ̀.

Heat sink tí wọ́n tà fún mi ò ní fáànù lórí. Ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ?

Wọn ò rẹ́ yín jẹ. Nínú server, fáànù tó tò síwájú ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba àárín gbogbo heat sink kọjá, ìbòrí oníke kan ló sì ń darí rẹ̀. Ìdí nìyí tí a kì í fi í tan server sílẹ̀ láìdé ìdérí rẹ̀ àti ìbòrí yẹn. Àwọn kan rò pé bí àwọn bá ṣí i sílẹ̀, afẹ́fẹ́ á túbọ̀ wọlé. Òdìkejì ni. Afẹ́fẹ́ á gba òkè sá lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo gíga rẹ̀. U ni wọ́n fi ń ka gíga server: ti server 1U kúrú, ti 2U ga. Ti 2U ò ní jẹ́ kí ìdérí 1U dé.

Mo ti tò ó tán, mo tan án, kò gbé àwòrán jáde.

Ẹ ní sùúrù ná. Lẹ́yìn àyípadà processor, server lè lo ìṣẹ́jú mélòó kan láti ka RAM rẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó là, fáànù rẹ̀ á sì máa ké tantan. Bí ó bá pẹ́ jù, ẹ wọ iDRAC lórí Dell tàbí iLO lórí HPE (ojú ìṣàkóso server) láti kọ̀ǹpútà míì, kí ẹ ka àkọsílẹ̀ ibẹ̀. Àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí server kò tíì tàn pàápàá. Bí wọ́n bá ní processor ò bára mu tàbí pé àwọn ò mọ̀ ọ́n, BIOS tàbí nọ́ńbà ni. Bí RAM bá dín, ẹ tú heat sink, ẹ wo bí processor ṣe jókòó àti abẹ́rẹ́ abẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó dá RAM lẹ́bi.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ooru rẹ̀ dára?

Ẹ fún un níṣẹ́ fún bíi wákàtí kan, ètò stress-ng lórí Linux dára fún un, kí ẹ máa wo ooru rẹ̀ nínú iDRAC tàbí iLO. Bí processor méjèèjì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ooru wọn yẹ kó súnmọ́ra. Bí ọ̀kan bá fi ìwọ̀n mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ju èkejì lọ, páàsítì tàbí ìdè rẹ̀ ò dára. Lórí àwọn server tí ọ̀kan wà lẹ́yìn èkejì, ti ẹ̀yìn á máa gbóná díẹ̀ jù, afẹ́fẹ́ tí èkíní ti lò ló ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ooru bá kọjá ààlà, processor á dín iyára rẹ̀ kù fúnra rẹ̀. Àwọn èèyàn á ní server ti lọ́ra, wọn ò ní ronú kan ooru.

Ọ̀pọ̀ server ni wọ́n ṣe fún afẹ́fẹ́ tó wà láàárín ìwọ̀n 10 sí 35 Celsius níbi tó ti ń wọlé. Yàrá alórùlé páánù ní Ògbómọ̀ṣọ́ lóṣù Kẹta lè kọjá ìyẹn ní ọ̀sán, pàápàá tí AC bá bá iná lọ. Bí ẹ ò bá lè fi AC sí i, ẹ má ra processor wáàtì 145. Èyí tó kéré tó ń sá eré rẹ̀ tán sàn ju èyí tó ńlá tó ń fa ẹsẹ̀ lọ.

NEPA máa ń mú iná lọ lójijì. Ṣé ó lè ba processor tuntun jẹ́?

Lílọ iná kì í sábà pa processor, fáìlì ló ń bà jẹ́. Ìgbà tí iná bá ń bọ̀ padà pẹ̀lú agbára ló léwu, ẹ fi UPS sí i. Àsìkò kan wà tí iná ò gbọ́dọ̀ lọ rárá: nígbà tí ẹ bá ń sọ BIOS dọ̀tun. Orí UPS tàbí inverter tí bátìrì rẹ̀ kún ni kí ẹ ti ṣe é, kì í ṣe orí jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní "I pass my neighbour".

Ìbàdàn la ti tò ó, a máa gbé e wá sílé. Ṣé kò léwu?

Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Heat sink 2U wúwo. Ẹ tẹ́ fóòmù sábẹ́ server, ẹ gbé e lélẹ̀ gbọọrọ, kì í ṣe ní ìdúró. Bí ẹ bá délé, ẹ ṣí i, ẹ fọwọ́ kan ìdè kọ̀ọ̀kan wò kí ẹ tó tan án.

Kí ni kí n ṣe sí processor àtijọ́?

Ẹ nù ún, ẹ dá a sínú ike tí tuntun wá nínú rẹ̀, kí ẹ tọ́jú ìdérí socket pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ má tíì tà á. Ẹ jẹ́ kí tuntun ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì lórí iṣẹ́ gidi ná. Bí ẹ bá wá fẹ́ tà á, ẹ ya àwòrán ojú rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ohun tí ẹni tó bá gbọ́n á kọ́kọ́ bèèrè nìyẹn.